Àmì Pupa

Wọ́n gbé àwòrán Mídúsíbọ̀rọ̀ kọ́ ara ògiri yàrá ìkàwé,
wọ́n lẹ àmì pupa mọ́ ibi tí ọ̀bẹ ti jáde lápò,
ibi tí wọ́n ti fọ́ fèrèsé, ibi tí wọ́n ti já báàgì gbà.
Mo wá àdúgbò mi títí, mi ò rí orúkọ rẹ̀ kà:
pupa ti bò ó mọ́lẹ̀ bí epo tó dà sórí tábìlì.

Ìnsípẹ́kítọ̀ Tákíréè na bírò sí i.
Ó ní ẹni tó mọ ibi tí òrùlé ti ń jò
kì í dúró dìgbà tí àjà bá wó.
(Ó sọ ọ́ lédè tirẹ̀; inú mi ló ti di báyìí.)
Ó ní ọlọ́pàá mẹ́fà lálaalẹ́, kámẹ́rà lórí òpó mẹ́rin,
kí wọ́n máa dá àwọn ọ̀dọ́ dúró, kí wọ́n máa yẹ àpò wọn wò
kí ọ̀ràn tó ṣẹ̀.

Kí ọ̀ràn tó ṣẹ̀.
Mo fi gbólóhùn yẹn sábẹ́ ahọ́n bí oògùn kíkorò.
Ìbíkúnlé ọmọ mi, ọ̀ràn wo ló fẹ́ ṣẹ̀
lẹ́ẹ̀mẹrin tí wọ́n ní kó na ọwọ́ méjèèjì sókè
níwájú ṣọ́ọ̀bù tó ti ń ra mílíìkì láti ọmọ ọdún mẹ́sàn-án?
Ohun tí wọ́n bá lápò rẹ̀: rúlà, àjẹkù búrẹ́dì,
ìwé tí wọ́n fi pè é wá kọ́ṣẹ́ wáyà iná.
Nígbà tó délé, kò bínú. Ìyẹn ló dẹ́rù bà mí.
Ó bọ́ jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó ní, "Mọ́mì, ó ti mọ́ mi lára."

Mo di ọ̀rọ̀ yìí lẹ́rù wá sípàdé, mo fẹ́ tú u kalẹ̀.
Àmọ́ Gàfúù tó ni ṣọ́ọ̀bù yẹn gan-an ló kọ́kọ́ dìde,
ó na ìka mẹ́ta: ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n fọ́ gíláàsì òun lóṣù kan.
"Ẹ máa jà lórí òfin. Èmi ni mò ń gbá àfọ́kù."
Ìyá àgbà Dọ̀ríìnì, tí apá rẹ̀ ṣì wà nínú báńdéèjì,
ní kí wọ́n wọ aṣọ ọlọ́pàá fún òpó iná pàápàá.
Ẹ̀rín sọ. Òun ò rẹ́rìn-ín.

Ọmọkùnrin kan sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn, kò dìde:
"Nígbà tí wọ́n ti adágún ìlúwẹ̀ẹ́ pa, ẹ ò lẹ àmì síbẹ̀.
Wọ́n ti gbọ̀ngàn eré wa pa, ẹ ò lẹ àmì síbẹ̀.
Iléeṣẹ́ irin tó bọ́ bàbá bàbá mi,
ojú gbogbo ayé ni wọ́n ṣe wó o. Ta ló yẹ àpò wọn wò?"

Ògiri tó lanu ni aláǹgbá ń wọ̀, lóòótọ́.
Ta ló la ògiri lẹ́nu?

Ó kàn mí. Mo dìde, gbogbo ohun tí mo dì wá sì fò lọ,
torí mo mọ ohùn yẹn.
Alẹ́ Ọjọ́rú kan, mò ń ti ọsibítù bọ̀,
mo rí mẹ́ta nínú wọn tí wọ́n fi aṣọ bo orí,
mo di báàgì mú, mo sọdá sí òdìkejì títì.
Ọ̀kan ké sí mi: "Àǹtí, ẹ rọra, yìnyín ń yọ̀ lápá ibẹ̀ yẹn."

Mo ní kí wọ́n tún iná òpópónà wa ṣe,
ó ti kú láti Àjíǹde.
Mo jókòó.

Mẹ́tàdínlógún nawọ́ pé kí ọlọ́pàá máa bọ̀, mẹ́rìndínlógún kọ̀.
Tèmi ò sí nínú méjèèjì.
Mo bá ìnsípẹ́kítọ̀ to àga, ó ń ká àwòrán rẹ̀,
ó ní ilé ìyá òun náà wà nínú pupa yẹn.

Ìgbà tí mo délé ni mo rí i:
àmì kan ti lẹ̀ mọ́ abẹ́ bàtà mi.
Mi ò jù ú nù. Mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara fìríìjì,
mo ń tẹ́tí sí kọ́kọ́rọ́ Ìbíkúnlé lẹ́nu ilẹ̀kùn.
Aago mọ́kànlá ti kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá.